Aṣọ Tí Wọ́n Fi Ká Màámi Lọ́wọ́ Kò

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú arúgbó yẹn fẹ́ràn ju orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n lọ. Ìkálọ́wọ́kò ni. Tí ẹ bá gbọ́ wọn, wọn kì í de ẹnikẹ́ni níbẹ̀, wọn kì í ti ẹnikẹ́ni mọ́lé, wọn kì í fi tipátipá mú ẹnikẹ́ni jókòó. Wọ́n kàn máa ń ká èèyàn lọ́wọ́ kò ni. Bí wọ́n ṣe máa ń rọra sọ ọ́, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kí wọ́n wá ká ẹ̀yin náà lọ́wọ́ kò, kí ẹ rí bó ṣe ń ṣe èèyàn.

Obìnrin télọ̀ kan wà tí ìyá rẹ̀ ń gbé ibẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n máa ń gba àlejò, ó sì ti mọ ìyá rẹ̀ sí ẹni tó máa ń jókòó sí ọgbà lọ́sàn-án Àìkú, tí wọ́n ti wẹ̀ fún, tí wọ́n ti fi pàùdà sí lọ́rùn, tó sì máa ń dákẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó rò pé ọjọ́ ogbó ló fa ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà. Lọ́jọ́ tí àṣírí tú, òwúrọ̀ Ọjọ́rú ni. Àpò ìrọ̀rí ló gbé wá fún wọn, nítorí òun náà ló máa ń bá wọn rán aṣọ. Ọlọ́dẹ ẹnu géètì mọ̀ ọ́n, ó ní kó máa wọlé. Kò rí ẹnì kankan nídìí tábìlì àlejò. Ó wá sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí òun ti dé ibí, kí òun kúkú yọjú sí Màámi.

Ó ṣílẹ̀kùn. Màámi jókòó sórí àga onígi, ó kọjú sí ògiri. Aṣọ aláwọ̀ ewé tí etí rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ òféfèé ni wọ́n fi mú ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ apá àga, wọ́n sì fi bọ́tìnnì dè é pa.

Télọ̀ kọ́kọ́ rí ìránṣọ náà kó tó rí ọwọ́ ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ ni. Òun ló ká etí aṣọ yẹn lẹ́ẹ̀mejì kó má baà tú, òun ló fi ẹ̀rọ gbá a ní ìlà méjì, òun ló já ihò bọ́tìnnì rẹ̀. Olórí nọ́ọ̀sì ilé náà ló wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù, tó ní òun fẹ́ ọ̀já tí wọ́n á máa fi kó kọ́tìnnì jọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó ní kó fi fóòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú rẹ̀, kí ọ̀já má baà bó aṣọ kọ́tìnnì. Kọ́tìnnì wo ló ní awọ tí ó lè bó? Ìbéèrè yẹn sọ sí télọ̀ lọ́kàn lọ́jọ́ náà, àmọ́ ó gbé e mì. Ó rò pé bí òun bá rán an kó dára, tí òun ò sì béèrè ìbéèrèkúbèérè, wọ́n á máa tọ́jú ìyá òun dáadáa. Ó tiẹ̀ fi díẹ̀ lára èyí tó ṣẹ́kù nínú aṣọ náà rán àpò kékeré kan fún olórí nọ́ọ̀sì, ó fi ṣe ẹ̀bùn.

“Màámi, ta ló ṣe yín báyìí?”

Ìyá rẹ̀ yí ojú padà. Ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀, ẹ̀rù ọmọ tó fẹ́ jìyà. “Rọra sọ̀rọ̀, kí wọ́n má gbọ́. Tí mo bá jókòó dáadáa, wọ́n á tú u tí oúnjẹ bá dé.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí fún yín. Ìyá Oníbúrẹ́dì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Láti ìgbà omidan rẹ̀ ló ti ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, tí á dáná sí ààrò, tí á po ìyẹ̀fun, tí á sì ti máa pariwo mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kí ẹlòmíì tó yíra padà lórí ibùsùn. Búrẹ́dì yẹn ló fi tọ́ ọmọ méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Kò sí ọkùnrin tó tó bẹ́ẹ̀ láti sọ fún un pé kó jókòó. Bàbá àwọn ọmọ rẹ̀ gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òun náà ló gbé ìyẹ̀fun wọlé fún un lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tó darúgbó, ọpọlọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan, àmọ́ ara rẹ̀ ò gbàgbé iṣẹ́. Ní ìdájí, á dìde, á máa wá ààrò kiri. Ọ̀dọ̀ àkọ́bí rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, ló ń gbé nígbà náà. Ó tan iná gáàsì síbẹ̀ láìgbé nǹkankan lé e, díẹ̀ ló kù kí ilé jó. Ọ̀gá ilé ìwé ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó mú ìyá lọ sílé ìtọ́jú arúgbó, ó fọwọ́ sí i pé òun ni alágbàtọ́ rẹ̀, ó sì sọ fún àbúrò rẹ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ nípa àgbà. Nílé ìtọ́jú náà, Màámi ò yé jí ní ìdájí. Ó ń rìn lọ síbi ìdáná wọn, ó ń béèrè ìyẹ̀fun. Lọ́jọ́ kan ó fẹsẹ̀ kọ nídìí àtẹ̀gùn, ó ṣubú, eékún rẹ̀ bó. Eékún tó bó yẹn ni wọ́n torí ẹ̀ gba ọwọ́ méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Télọ̀ ti ń tú bọ́tìnnì nígbà tí olórí nọ́ọ̀sì wọlé. Obìnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Àwọn àgbà ń sinmi.”

“Ìyá mi lẹ dè mọ́ àga bí ewúrẹ́ yìí?”

“A ò dè é o. A ká a lọ́wọ́ kò ni. Ó máa ń rìn kiri, ó sì ti ṣubú rí. Òfin mọ ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ lọ béèrè.”

“Ṣé èmi tí mo rán aṣọ yìí lẹ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀ fún?”

“Ẹ sì rán an dáadáa,” ni olórí nọ́ọ̀sì wí, inú rere ló sì fi sọ ọ́, ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. “Ẹ ò rí i pé ọwọ́ màmá ò bó rárá.”

Inú tó bí i kọjá inú tí èèyàn ń fi pariwo. Télọ̀ di ìyá rẹ̀ lápá mú, ó ní ó yá, wọ́n ń lọ sílé. Wọ́n dé ẹnu géètì, ọlọ́dẹ tó rẹ́rìn-ín sí i lẹ́ẹ̀kan dúró sójú ọ̀nà. Ó ní òun ò lè jẹ́ kí màmá jáde láìjẹ́ pé alágbàtọ́ rẹ̀ ló wá mú un. Télọ̀ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù.

“Bọ̀ọ̀dá mi, wọ́n ń de Màámi mọ́ àga.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?”

“Ojú mi ló rí i.”

“Àbúrò mi, fara balẹ̀. Wọ́n ti bá mi sọ ọ́. Wọ́n kàn ń ká a lọ́wọ́ kò kó má baà ṣubú ni. Ṣé ìwọ lo máa jókòó tì í tọ̀sán-tòru? Dá a padà síbẹ̀, jọ̀ọ́.”

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Télọ̀ dá ìyá rẹ̀ padà sí yàrá yẹn pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Bó ṣe ń jáde, ó wẹ̀yìn, ó rí ọmọbìnrin kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù tó bẹ̀rẹ̀ síwájú àga, tó ń fi bọ́tìnnì bọ ihò tí òun fúnra rẹ̀ já.

Obìnrin lọ́yà kan wà lára àwọn oníbàárà rẹ̀, ẹni tó máa ń bá a jà lórí gígùn apá aṣọ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló gbà lọ. Lọ́yà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó ní, “Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa fún ẹ. Ìkálọ́wọ́kò wà nínú òfin. Àmọ́ òfin ò fi í sílẹ̀ gbayawu. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ewu wà níwájú lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ewu àná, kì í ṣe ewu bóyá. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé wọ́n ti fi ẹnu bẹ̀ ẹ́, wọ́n ti fi ọwọ́ dì í mú, kò gbọ́. Dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Tí ewu bá sì ti kọjá, wọ́n gbọ́dọ̀ tú u. Tó bá ti ju ìyẹn lọ, ìtìmọ́lé ni, bó ti wù kí wọ́n fi oyin pa á lára tó.”

“Ṣé mo lè mú ìyá mi kúrò níbẹ̀?”

“Ẹ̀gbọ́n ẹ ni alágbàtọ́. Àfi tí adájọ́ bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹ. Tí a bá sì pàdánù, wọ́n lè ní kí o má débẹ̀ mọ́, lọ́jọ́ Àìkú pàápàá.”

Télọ̀ ní kí wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́.

Wọ́n gbé e lọ lóòótọ́. Yàrá ilé ẹjọ́ náà kéré, ooru ibẹ̀ pọ̀, fáànù òkè ń ké bíi pé ẹnì kan ń fìyà jẹ ẹ́. Adájọ́ jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tó ń fi aṣọ ìnujú nu orí. Lọ́yà ilé ìtọ́jú jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé jókòó sẹ́yìn rẹ̀, sọ́dọ̀ àwọn ará ilé ìtọ́jú, kò wo apá ibi tí àbúrò rẹ̀ wà. Wọ́n gbé Màámi wá pẹ̀lú, nítorí adájọ́ ní òun fẹ́ fojú kan ẹni tí wọ́n ń du. Ó jókòó lórí àga kan níwájú, ó ń wo fáànù.

“Olúwa mi,” ni ọ̀dọ́kùnrin náà wí, “bí èèyàn bá fa ọmọdé sẹ́yìn kí mọ́tò má gbá a, ta ló máa sọ pé ó de ọmọ? Ohun tí àwọn oníbàárà mi ṣe nìyẹn. Ìkálọ́wọ́kò kì í ṣe ìjìyà. Ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ tó lọ́wọ́ ni.”

Ìfẹ́ tó lọ́wọ́, tó wá gba ọwọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ẹnu dùn-ún ro ẹ̀fọ́.

Nígbà tó kan télọ̀ láti jẹ́rìí, ọ̀dọ́kùnrin náà gbé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀já náà sókè. “Ta ló rán èyí?”

“Èmi ni.”

“Ta ló fi fóòmù sínú rẹ̀?”

“Èmi náà ni. Wọ́n ní kọ́tìnnì ni wọ́n fẹ́ fi mú.”

“Ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ télọ̀. Kọ́tìnnì mélòó lẹ ti rí tó ń fẹ́ fóòmù?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. “Olúwa mi, obìnrin yìí mọ̀. Ó mọ̀, ó gbà bẹ́ẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán an. Ní báyìí ló wá ń sọ pé ojú òun ò gbà á.”

Ojú ti télọ̀. Ó wo ọ̀já náà. Ó wá sọ̀rọ̀. “Ẹ̀rù ló ń bà mí, sà. Ìyá mi wà lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá ní kí n rán ṣòkòtò fún ògiri, màá rán an, n ò ní béèrè. Ẹni tí ìyá ẹ̀ wà lọ́wọ́ èèyàn kì í béèrè. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi gbé e wá fún mi.”

Ẹ̀rín tán lẹ́yìn. Àmọ́ ọ̀dọ́kùnrin náà ti rí ohun tó ń wá, ó tẹrí ba, ó jókòó. Lọ́yà obìnrin fi ẹnu sí etí télọ̀, ó ní ó ku díẹ̀ káàtó. Wọ́n wá pe olórí nọ́ọ̀sì.

Olórí nọ́ọ̀sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé, bàtà rẹ̀ ń ró kò, kò, kò lórí símẹ́ǹtì. Màámi gbọ́ bàtà yẹn kó tó rí ẹni tó wọ̀ ọ́. Ó kúrò lórí ọ̀rọ̀ fáànù. Ó fẹ̀yìn ti àga, ó to ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó gbé apá méjèèjì lé apá àga, ó ṣí inú ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ó wá dúró bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkankan fún un. Olórí nọ́ọ̀sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

“Mo ti jókòó dáadáa,” ni Màámi wí.

Olórí nọ́ọ̀sì na ọwọ́, ó fi gbá a léjìká pẹ́pẹ́. “Ó káre, Màmá,” ló wí. “Báyìí ló dáa.”

Àṣà iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́, kì í ṣe òun. Ó ti sọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ púpọ̀ débi pé ẹnu rẹ̀ ò dúró béèrè ibi tí òun wà. Ìgbà tí gbogbo yàrá pa lọ́lọ́ ló tó mọ ohun tó sọ. Ọwọ́ rẹ̀ wà léjìká Màámi síbẹ̀, kò mọ ibi tí ó máa gbé e sí.

Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. “Nọ́ọ̀sì, ewu wo ló wà nínú yàrá yìí báyìí?”

“Kò sí, Olúwa mi.”

“Ta ló fẹ́ ṣubú?”

“Kò sí.”

“Kí wá ni màmá ń na ọwọ́ sí?”

Ọ̀dọ́kùnrin lọ́yà dìde, ó ní òun ta ko ìbéèrè náà. Adájọ́ ní kó jókòó, òun kọ́ ni òun ń bá sọ̀rọ̀. Ó béèrè dókítà tó mọ̀ sí i. Kò sí. Ó béèrè iye ìgbà tí wọ́n máa ń tú u. Olórí nọ́ọ̀sì ní tí oúnjẹ bá dé, àti lọ́sàn-án Àìkú.

Télọ̀ ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà yẹn. Ọ̀gá ilé ìwé ti tẹ̀ síwájú lórí bẹ́ǹṣì, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọwọ́ ìyá wọn, nítorí Màámi ò tíì gbé e kúrò lórí apá àga. Ó ń dúró dè wọ́n.

Adájọ́ ò fi ọ̀rọ̀ náà gùn. Ó ní, “Bí èèyàn bá fẹ́ já sínú kànga, tí a fà á sẹ́yìn, ìkálọ́wọ́kò nìyẹn, òfin sì wà lẹ́yìn ẹni tó fà á. Bí a bá ti fà á kúrò létí kànga tán, tí a ò fi í sílẹ̀ mọ́, a ti jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Màmá yìí ò sí létí kànga kankan. Ó ń wá ìyẹ̀fun ni.” Ó ní kí Màámi tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ sílé lọ́jọ́ náà gan-an, kí télọ̀ di alágbàtọ́ rẹ̀, kí ilé ìtọ́jú sì tú gbogbo ẹni tó kù sílẹ̀ títí dókítà yóò fi rí wọn.

Lóde, ọ̀gá ilé ìwé tọ̀ wọ́n wá. “Mi ò mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn,” ló wí.

“Ẹ ò béèrè ni, Bọ̀ọ̀dá mi.”

“Wọ́n ní ìkálọ́wọ́kò ni.”

“Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ní. Ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé. Ẹ ò béèrè ohun tí wọ́n ń fi ká a lọ́wọ́ kò.” Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ṣílẹ̀kùn mọ́tò, ó gbé ìyá rẹ̀ wọlé.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni télọ̀ ń gbé. Ó ti kó gbogbo ẹ̀rọ ìránṣọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ká kápẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ kó má baà kọ́ Màámi lẹ́sẹ̀, ó fi ìkọ́ ti ẹnu gáàsì pa. Ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé bí Màámi bá jí ní ìdájí, òun náà á jí, àwọn méjèèjì á jọ máa po ìyẹ̀fun, bí búrẹ́dì bá jóná kó jóná.

Ní ìdájí àkọ́kọ́, ó gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún. Màámi ti jí. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún.

“Ṣé kí n dìde?” ló béèrè.

“Ẹ dìde, Màámi.” Ó dìde.

Lọ́jọ́ kejì, ohun kan náà. Ó jí, ó jókòó, ó béèrè. Télọ̀ ní kó dìde, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Ta ni òun tó ń fún Ìyá Oníbúrẹ́dì láyè láti dìde? Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn lọ́yà pè é, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní ilé ìtọ́jú ti ní àwọn ò ní pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ọ̀rọ̀ ti parí pátápátá. Télọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tó gbé fóònù sílẹ̀, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé gbogbo ohun tó ṣẹ́kù nínú aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn wẹ́wẹ́, títí ọwọ́ fi ń dùn ún. Kò sì rí ilé ẹjọ́ tí ó máa gbé ohun tó kù yìí lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ tún fẹ́ mọ́, ó ti wà níwájú bẹ́ẹ̀dì kí Màámi tó la ojú. Màámi jókòó, ó wò ó.

“Ṣé kí n dìde?”

Télọ̀ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. “Màámi, ilé yín nìyí. Ẹ̀yin lẹ bí mi. Ẹ má béèrè lọ́wọ́ mi mọ́.”

Màámi ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ó mi orí, ó gbà bẹ́ẹ̀.

“Ó dáa,” ló wí. “Lọ́wọ́ ta ni kí n wá máa béèrè?”